Ọjọ́ Tí Alágbára Kò Sọ̀kalẹ̀ Sí Màpó

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí mi sí títí di òní. Púpọ̀ nínú àwọn tí a jọ ń pàtẹ ní Bẹẹrẹ, ní Ìbàdàn níbí, ti lọ sí ilé. Ojú mi ti ń ṣú, ẹsẹ̀ mi kò sì lè gbé mi dé Ọjà'ba mọ́ láìsinmi lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jí láàárọ̀ tó rántí orúkọ ara rẹ̀, tó sì mọ ibi tó bọ́ bàtà sí lálẹ́ àná, ó yẹ kó dúpẹ́. Mo dúpẹ́. Ẹ bá mi dúpẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi, kí n tó la ẹnu sọ ohunkóhun.

Àwọn ọmọ ọmọ mi ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti tó oṣù kan tí wọ́n ti ń ka ọjọ́. Sinimá kan ń bọ̀, ti ọkùnrin kan tó ní agbára tí ènìyàn kì í ní, tó ń fò lójú òfurufú, tó ń fi ọwọ́ lásán dá ọkọ̀ dúró. Wọn kò tíì rí sinimá náà o. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n rí lórí fóònù, wọ́n sì ti wo díẹ̀ náà títí mo fi mọ ohùn rẹ̀ sórí. Tọ́lá, tó kéré jù nínú wọn, gbé fóònù wá sí iwájú mi.

"Bàbá àgbà, ẹ wò ó! Ẹ wo ibi tó ti fẹ́ gbé ọkọ̀!"

Mo wò ó. Iná tó ń ṣẹ́jú nìkan ni mo rí. Mo ní, "Ó dára o. Ìgbà wo ló ń bọ̀?"

"Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án!"

Ó rẹ̀ mí lójijì. Inú kò bí mi, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ó kàn rẹ̀ mí bí ó ti ń rẹ ènìyàn tó tún rí òkè kan náà níwájú, lẹ́yìn tó ti fi gbogbo ọ̀sán gùn ún. Èmi náà ti polówó irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ rí ní ìlú yìí. Ẹnìkan sì jókòó dè é.

Ìwé ìròyìn ni mo ń tà nígbà náà. Bàbá àwọn ọmọ yìí ti sọ fún wọn, ṣùgbọ́n kò yé wọn. Tọ́lá bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé wọ́n máa ń fi owó ra ìròyìn ni, Bàbá àgbà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á tún tò fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó rò pé mo ń bá òun ṣeré ni.

Ẹ̀bá ọ̀nà ní Bẹẹrẹ ni mo ń pàtẹ sí, níbi tí ènìyàn ti ń gòkè lọ sí Màpó. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni ọkọ̀ tó ń kó ìwé ìròyìn yóò ti dé. A máa ń gbọ́ fèrè rẹ̀ láti òkèèrè, fèrè kan tó há bí ohùn ẹni tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú. Kì í dúró tán. Ẹni tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ yóò kàn fi ẹsẹ̀ ti ìdì ìwé sílẹ̀, gbì! Eruku yóò sọ, èmi yóò sì fa abẹ yọ, n óò gé okùn rẹ̀. Òórùn tàdáwà tútù yóò wá jáde bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìkòkò ọbẹ̀. Títí di òní, bí mo bá lálàá pé mo wà ní ọ̀dọ́, òórùn yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́. Kí oòrùn tó yọ, ọwọ́ mi méjèèjì yóò ti dúdú, bí mo bá sì nu òógùn, iwájú orí mi náà á dúdú. Ìyàwó mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ pé kí n má fọwọ́ kan òun kí n tó wẹ̀, kí wọ́n má baà ka ìròyìn lára òun ní ìsọ̀.

Ẹ má rò pé gbogbo ẹni tó bá dúró síbi àtẹ ló wá ra ìwé. Ẹgbẹ́ kan wà tí a ń pè ní ẹgbẹ́ akàwé-má-rà. Wọn yóò ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọn yóò tẹ̀ síwájú bí ẹni ń wo òkú ejò, wọn yóò ka ojú ìwé àkọ́kọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn yóò wá jà lórí ohun tí wọ́n kà. Bàbá Wáidì ni ọ̀gá wọn. Ó ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ rélùwéè, kò sì ní ohun méjì tó ń ṣe láàárọ̀ ju kó wá sí àtẹ mi lọ. Bí mo bá ní, "Bàbá Wáidì, ẹ ra ẹyọ kan lónìí," á ní, "Oníwèé, bí mo bá rà á, ilé ni mo máa gbé e lọ. Ta ni màá wá bá jà nílé?"

Àwọn mìíràn wà tí kò mọ ìwé kà rárá. Àwọn yẹn ni mo ń ka ìwé sókè fún. Iléèwé ìjọ ni mo lọ, ìwé mẹ́fà ni mo sì kà mọ. Àwọn tíṣà wa fi ẹgba kọ́ wa láti ka Bíbélì kí ẹni tó jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá nínú ṣọ́ọ̀ṣì lè gbọ́. Ohùn yẹn ni mo gbé wá sí Bẹẹrẹ. Mo máa ń gun orí bẹ́ńṣì, mo máa ń ṣí ìwé ìròyìn gbayawu, mo sì máa ń túmọ̀ èyí tó jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì bí mo ti ń kà á lọ. Àwọn alápatà, àwọn onídìrí, àwọn tó ń ti ọmọlanke, gbogbo wọn á dúró. Nígbà tó yá, mo rí i pé bí ìròyìn bá ti dùn tó ni èrò ń pọ̀ tó, bí èrò bá sì ti pọ̀ tó ni àwọn tó mọ̀ ọ́n kà ń rà tó. Mo wá ń fi iyọ̀ sí i. Bí wọ́n bá kọ pé ilé kan jó, n óò ní adìẹ inú ilé náà gbé ẹyin rẹ̀ sá. Ta ni yóò mú mi? Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Mo ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi láìfi ọ̀rọ̀ kan kún un, mo sì ń fi iyọ̀ sí ìwé ìròyìn lọ́jọ́ Ajé. N kò rò pé ọ̀kan kan èkejì.

Bébà yẹn, ayé rẹ̀ gùn ju ti ọ̀pọ̀ nǹkan ìsinsìnyí lọ. Àárọ̀ nìkan ló fi ń jẹ́ ìròyìn. Bó bá di ọ̀la, á di ohun tí télọ̀ fi ń gé àpẹẹrẹ ẹ̀wù. Àwọn ọmọ iléèwé á fi di ẹ̀yìn ìwé wọn. Bí Kérésìmesì bá ń bọ̀, wọ́n á fi ẹ̀kọ tútù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí yàrá lè mọ́lẹ̀, bí ẹ bá sùn sílé wọn, ẹ lè ka ìròyìn ọdún mẹ́ta kí oorun tó gbé yín lọ. Lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn, àwọn ọ̀dọ́ á ká a, wọ́n á fi ṣe fèrè tí wọ́n ń fọn sí ènìyàn létí. Ewúrẹ́ náà fẹ́ràn rẹ̀. Òbúkọ kan wà ní Oníyanrìn tó jẹ ojú ìwé eré ìdárayá tán pátápátá lọ́jọ́ tí mo yísẹ̀ padà láti ra ògì. Bàbá Wáidì ní kí n má lù ú, ó ní òbúkọ náà nìkan ni ẹ̀dá tó tíì jẹ èrè ìwé mi. Bí bébà bá sì gbó tán, ọ̀dọ̀ Ìyá Àdùkẹ́ ló ń lọ.

Ìyá Àdùkẹ́ ń ta gúgúrú àti ẹ̀pà nítòsí mi. Ọ̀dọ̀ mi ló ti ń ra bébà àtijọ́. Yóò ya á, yóò ká a ṣóńṣó bí àrọ, yóò da gúgúrú sí i, yóò pa ẹnu rẹ̀ dé, kí ẹ tó ṣẹ́jú ó ti ká òmíràn. Kò mọ lẹ́tà kan kà. Aládùúrà ni, ẹni jẹ́ẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, Àdùkẹ́, ọmọ bí ọdún mẹ́jọ. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un lẹ́sẹ̀ méjèèjì láti kékeré. Láràárọ̀ ni ìyá rẹ̀ ń pọ̀n ọ́n láti Bẹ́yẹrúnkà wá sí Bẹẹrẹ, tí yóò gbé e jókòó sórí ẹní lẹ́yìn ààrò. Ẹ fojú inú wo ọmọ ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ìyá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jù dirodiro. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ti gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Kò sí ibi tí wọ́n ní kí obìnrin yẹn gbé ọmọ lọ tí kò gbé e lọ.

Òpin àwọn ọdún tí epo rọ̀bì mú owó wọ̀lú ni ohun tí mo ń sọ yìí ṣẹlẹ̀. Sinimá kan ń bọ̀ nígbà náà pẹ̀lú, ti ọkùnrin kan tó ń fò. Láti ìgbà òjò ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń bi mí láràárọ̀ pé, "Bọ̀dá Oníwèé, ṣé wọ́n ti dá ọjọ́?" Kò sí fóònù tí wọn yóò wò. Ìwé ìròyìn nìkan ló lè sọ fún wa. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo gé okùn ìdì ìwé, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó sì wà níbẹ̀, ojú ìwé kan odidi. Ọkùnrin kan wà ní òfurufú, ó na ọwọ́ kan síwájú, ó fi ìkejì gbé lọ́rì. Wọ́n kọ ọjọ́ sí ìsàlẹ̀, wọ́n kọ àkókò, wọ́n sì kọ ilé sinimá kan ní Òkè-Àdó.

Ara mi yá gágá. Mo gun bẹ́ńṣì.

"Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará Bẹẹrẹ! Alágbára ń bọ̀ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta! Ó fò kọjá òkun, ó fò kọjá ọ̀sà! Ọwọ́ kan ló fi gbé lọ́rì, ẹ wò ó! Orí òkè Màpó ni yóò sọ̀kalẹ̀ sí! Ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá wúwo, kó gbé e wá! Ẹni tí kò lè dìde, Alágbára yóò gbé e dìde!"

"Kó kọ́kọ́ wá sílé mi," Bàbá Wáidì ló sọ bẹ́ẹ̀, "kó wá gbé ìyàwó mi kékeré dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti di agogo mẹ́jọ!"

Ẹlòmíràn ní, "Kó bá wa gbé kòtò ọ̀nà Ọjà'ba lọ sílé ara rẹ̀!"

Ẹ̀rín sọ. Mo ta ìwé tán kí oòrùn tó mú. Àwọn tó mọ̀ pé sinimá ni mọ̀, mo sì rò pé kò sí ẹni tí kò mọ̀. Nígbà tí èrò túká díẹ̀, Ìyá Àdùkẹ́ wá síbi àtẹ, èèpo ẹ̀pà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bọ̀dá Oníwèé, ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́?"

Bàbá Wáidì àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ṣì dúró tì mí. Mo rí i tí wọ́n ń fi ìgúnpá gún ara wọn. Bí mo bá sọ òótọ́ lójú wọn, adùn ọjọ́ náà á bàjẹ́. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́, Ìyá Àdùkẹ́."

"Ẹ bá mi mú ojú ìwé yẹn."

"Ẹ jẹ́ kó gbó ná, màá tà á fún yín pọ̀ mọ́ ìyókù."

"Rárá. Èyí tó tuntun ni mo fẹ́."

Mo fún un. Ó fi ìró nu ọwọ́ rẹ̀ kó tó gbà á. Mo rí i. N kò bi í léèrè. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí ti balẹ̀ ná, n kò gbọ́ ìró rẹ̀ ni.

Ó di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo tètè palẹ̀ àtẹ mọ́, mo wẹ̀, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tíkẹ́ẹ̀tì mi wà nínú àpò. Mo ń gba iwájú Màpó kọjá kí n lọ wọ takisí ní Ọjà'ba ni mo gbójú sókè. Lórí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn ńlá yẹn, lábẹ́ àwọn òpó rẹ̀, mo rí aṣọ funfun méjì. Ìyá Àdùkẹ́ ni, nínú aṣọ àdúrà rẹ̀. Ó wọ tirẹ̀ fún Àdùkẹ́ náà. Ó ti fi òróró pa ẹsẹ̀ ọmọ náà, wọ́n ń dán nínú oòrùn. Àpótí kékeré tó máa ń jókòó lé ní ìsọ̀ ló jókòó lé. Ó gbé ojú sí òfurufú.

Kí lẹ rò pé mo ṣe? Mo kọjá lọ. Ẹ jẹ́ kí n má fi iyọ̀ sí èyí. Mo bẹ orí sílẹ̀ kí ó má baà rí mi, mo wọ takisí, mo lọ sí Òkè-Àdó. Mo ń sọ fún ara mi lọ́nà pé bí oòrùn bá mú wọn, wọ́n á lọ sílé.

Ilé sinimá kún dẹ́nu. Nígbà tí ọkùnrin yẹn kọ́kọ́ fò, ariwo tí wọ́n pa mú páànù mì. Gbogbo ènìyàn dìde lórí àga. Èmi náà dìde, ṣùgbọ́n mo rí i pé bí ọkùnrin náà ti ń wo ilẹ̀ láti òkè, èmi ń wá àtẹ̀gùn Màpó nísàlẹ̀ rẹ̀. Òrùlé páànù tó dípẹtà, aṣọ funfun méjì ni ojú inú mi ń rí. Ó gbé lọ́rì. Ó gbé afárá. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. N kò lè jókòó mọ́. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Mo ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, n kò mọ̀ pé ènìyàn lè gbọ́ ìró òkò náà láàárín ariwo sinimá. Mo jáde láì tíì dé ìdajì.

Nígbà tí mo dé Màpó, ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ ti gbé orí lé itan ìyá rẹ̀.

"Ìyá Àdùkẹ́, ẹ kú ìjókòó."

"Há, Bọ̀dá Oníwèé! Ẹ̀yin náà wá? Ẹ jókòó. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ní òkun ló ń fò kọjá, ọ̀nà á jìn."

N kò jókòó. Mo ní, "Kò ní wá."

"Wọ́n sún un síwájú?"

"Rárá, mà. Sinimá ni. Àwòrán ni, lára ògiri, nínú ilé kan ní Òkè-Àdó. Ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀."

Ó wò mí. "Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́."

"Irọ́ ni mo pa."

"Ti Màpó ńkọ́?"

"Èmi ni mo fi kún un."

"Ti ẹni tí kò lè dìde ńkọ́?"

"Èmi náà ni."

Ó tú etí ìró rẹ̀. Ojú ìwé náà wà níbẹ̀, ó ká a mẹ́rin. Obìnrin tí kì í jẹ́ kí bébà kan ṣòfò, tó lè fi ìwé ìròyìn kan ta gúgúrú fún ogún ènìyàn, kò jẹ́ kí ẹ̀pà kan kan èyí. Ó ṣí i, ó wo ọkùnrin òfurufú.

"Lọ́rì yìí ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ yà á?"

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi. Àwọn tó ń kọjá ń wò wá. Kò sọ pé kí n dìde, kò sì bú mi. Ọjọ́ mẹ́ta ló ti fi gbààwẹ̀, bóyá kò sí agbára àtibú ènìyàn lára rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó ká ìwé náà padà, ó tún un dì sí etí ìró, ó gbé àpótí rẹ̀.

"Ẹ pọ̀n ọmọ," ó ní. "Ẹ̀yìn ń dùn mí."

Mo pọ̀n Àdùkẹ́ láti Màpó dé Bẹ́yẹrúnkà. Ìyá rẹ̀ ń lọ níwájú, kò bojú wẹ̀yìn. Ọmọ náà jí lọ́nà. Ó rọra gbé ẹnu sí etí mi.

"Bọ̀dá Oníwèé, ẹ má sọ fún Màámi o. Mo ti mọ̀ pé sinimá ni."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Àwọn ọmọ ilé wa. Ṣùgbọ́n inú Màámi ń dùn. Ó ń kọrin bó ṣe ń fi òróró pa mí lẹ́sẹ̀."

Mo ti pọ̀n ọmọ tèmi, mo ti ru ìdì ìwé, èmi àti àwọn ọmọ wa ti jọ gbé òkú ìyàwó mi. N kò gbé ohun tó wúwo tó ọmọ yẹn rí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, n kò sì jáde lọ ka ẹ̀kọ́ Bíbélì nígbà tó kàn mí. Ní ọjọ́ Ajé, mo gun bẹ́ńṣì, mo jẹ́wọ́ fún gbogbo Bẹẹrẹ pé mo ti ń fi iyọ̀ sí ìròyìn. Bàbá Wáidì ní, "Ta ni kò mọ̀? Torí iyọ̀ yẹn la ṣe ń wá!" Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ohun tí wọ́n kọ nìkan. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Àwọn alápatà padà sídìí ẹran wọn.

Ìyá Àdùkẹ́ kò ra bébà lọ́wọ́ mi mọ́. Ewé ló fi ń di gúgúrú. Àwọn oníbàárà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Àdùkẹ́, ṣé gúgúrú ti di mọ́ínmọ́ín ni?" Ó ń di ewé rẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá bẹ́ẹ̀, bébà àtijọ́ ń ga lẹ́yìn mi bí ògiri. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó dìde, ó gbé Àdùkẹ́ wá, ó gbé e jókòó sórí bẹ́ńṣì mi, níbi tí mo máa ń dúró lé.

"Ẹ kọ́ ọ níwèé," ó ní. "Ẹ kọ́ ọ títí kí n má tún bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́ pé kí ni wọ́n kọ."

Orí àkọlé ìwé ìròyìn ni Àdùkẹ́ ti mọ lẹ́tà. Kí ọdún tó yí po, ó ti ń ka odidi ojú ìwé. Ohùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní adùn kankan. Bàbá Wáidì tẹ́tí sí i lọ́jọ́ kan títí ó fi kà á tán. Ó ní, "Ọmọ yìí, ìròyìn rẹ ò ní iyọ̀ rárá." Ó wá tọwọ́ bọ àpò, ó ra ìwé ìròyìn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tó ra ìwé láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbọ́ pé Ìyá Àdùkẹ́ jókòó ti ọmọ rẹ̀ ní Bẹ́yẹrúnkà, ọmọ ń kà, ìyá ń bi í léèrè lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́?" Láti ọjọ́ kejì ló ti padà ń fi bébà di gúgúrú.

Ìjọ wa fi Àdùkẹ́ sí iléèwé. Ó fi ọ̀pá méjì lábẹ́ apá rìn dé ibi tí ẹsẹ̀ àwọn ẹlòmíràn kò gbé wọn dé. Tíṣà ló dà.

Iṣẹ́ tèmi kò pẹ́ tó tirẹ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí mo lè nàka sí pé ọjọ́ yìí ló kú. Láàárín ọdún tí nǹkan le, bébà wọ́n, ìwé ìròyìn ń tín-ín-rín bí ẹni tí àìsàn ń jẹ. Fèrè ọkọ̀ tí a ń gbọ́ ní ìdájí wá ń dún ní ọ̀sán. Nígbà tó yá, ọjọ́ kan á wà tí kò ní dún rárá. Akàwé-má-rà di púpọ̀, olùrà ń dín kù, nígbà tó wá yá, akàwé-má-rà gan-an kò wá mọ́. Mo mọ̀ pé ó ti tán lọ́jọ́ tí n kò rí ẹni tí màá bá jà. Lónìí, gúgúrú wà nínú ọ̀rá, ìròyìn wà nínú fóònù, bí ìròyìn bá sì gbó, kò wúlò fún télọ̀, kò wúlò fún ewúrẹ́. Iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ, kò sì sí bẹ́ńṣì tí ẹni tó fi sí i yóò gùn láti jẹ́wọ́.

Ìyá Àdùkẹ́ sùn ní ọjọ́ ogbó. Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, Àdùkẹ́ rí ohun kan ní ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀, ó sì mú un wá fún mi nílé lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan. Orí rẹ̀ náà ti funfun báyìí. Ó jókòó, ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó ṣí bébà kan tó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, tó fẹ́ já ní ibi tí wọ́n ti ká a mẹ́rin. Ojú mi kò rí lẹ́tà. Mo ní kó kà á fún mi.

Ó kà á ní ohùn rẹ̀ pẹrẹsẹ yẹn. "Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Agogo mẹ́ta ọ̀sán. Ilé sinimá, Òkè-Àdó. Ẹ tètè wá, àga kò pọ̀."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́, Bàbá. Kò sí Màpó níbẹ̀."

Ó ká a padà mẹ́rin, ó fi sínú Bíbélì mi, ó sì ní òun ń lọ kí òkùnkùn tó kùn.

Mo ti sọ fún Tọ́lá pé kó lọ wo sinimá rẹ̀ bí ọjọ́ mẹ́sàn-án bá pé. N kò ní bá a nínú jẹ́. Mo kàn bẹ̀ ẹ́ pé bó bá dé, kó wá sọ fún mi bó ṣe rí gan-an.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ka èyí, tàbí tí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kà á, Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ jókòó nínú oòrùn de ẹni tí kò ní wá. Bí ẹ bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, kí ẹ rí ẹsẹ̀ fi padà lọ sọ òótọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ tí ẹ bá sì pọ̀n lónìí, kó yè, kó dàgbà, kó bá yín kàwé nígbà tí ojú yín kò bá ríran mọ́. Àmín.